Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Èmi ni mo kọ ọ́.
Nínú yàrá kan ní Òkè-Fíà, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì,
fáànù ń yí bí ẹni tó ń rò ó wò,
mo kọ ìtàn yìnyín tó bo ojú irin ní ìlú òyìnbó,
mo wá bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ní ìlà kẹrin.
Mo fún un ní ìdáhùn mẹ́rin, A títí dé D.
Mo mu tíì mi tán. Ó dùn mọ́ mi.

Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn nọ́ọ̀sì ni.
Àwọn tó jẹ́ pé inú fìríìsà ẹlẹ́ja tútù
ni wọ́n ti mọ yìnyín.

Sẹ́míátù Ọláníyọnu jókòó sí ìlà kejì.
Ibi iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀, aṣọ funfun rẹ̀ wà nínú láílọ́ọ̀nù.
Ó ka yìnyín. Ó tún un kà.
Ó mú D.
Méjìlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo fi báírò pupa fa ìlà sí i, mo ṣí ìwé tó kàn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ìyá mi ṣánlẹ̀.
Àsùbíàrò, wọ́ọ̀dù obìnrin, aago mẹ́ta òru.
Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn kọ́tìnnì
tó ń bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù.
Gẹ̀ẹ́sì ni. Gẹ̀ẹ́sì tó ń tiro díẹ̀,
àná àti òní dàpọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹ̀wà àti àgbàdo,
ṣùgbọ́n iye ẹ̀jẹ̀ pé, wákàtí pé,
oògùn tí wọ́n fún un pé, èyí tí ara rẹ̀ kọ̀ pé.
Dókítà sọ nǹkan kan; kò yé e; kò díbọ́n.
Ó ní kó tún un sọ.
Ó sì kà á padà fún un lẹ́yọ-lẹ́yọ,
bí ẹni tó ń ka owó èsúsú.

Ó ṣí kọ́tìnnì. Sẹ́míátù.
"Ẹ kú àìsùn, sà."
Kò mọ̀ pé èmi ni méjìlélógójì.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Ìgbóńà,
ìyá mi a máa ti àtàǹpàkò bọ inú kóńgò
kó tó gbà kí wọ́n wọn ìrẹsì fún òun.
Ibi tí wọ́n ti fi òòlù gbá ìdí rẹ̀ wọlé ló ń wá.
"Ìrẹsì ò jalè," ni yóò wí, "kóńgò ló jalè."
Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wọn ènìyàn.
Mi ò ti àtàǹpàkò bọ tèmi rí.

Mo bẹ Mátírọ́nù Oyèwùsì, ó fún mi ní àga.
Òru mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó ti tábìlì wọn,
mò ń kọ iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe níbẹ̀:
káàdì tí dókítà kọ bí ẹsẹ̀ adìyẹ,
aláìsàn tí a ń fà lé ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́,
bí a ṣe ń sọ fún ẹni tó ju ni lọ pé ó ṣì í.
Mo wá yìnyín. Mi ò rí i.

Mo pa ìbéèrè kẹtàdínlógún rẹ́.
Ohùn kan ni mo fi dípò rẹ̀, lórí fóònù tó ń já:
gbọ́ ọ, kọ ọ́ sílẹ̀, bèèrè èyí tí kò yé ọ.
Ẹni tó bá bèèrè, máàkì méjì.

Inú àwọn ọ̀gá mi kò dùn.
Wọ́n ní ta ni yóò jókòó gbọ́ igba ènìyàn,
A títí dé D, ẹ̀rọ á máàkì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.
Òótọ́ ni. Mi ò ní ìdáhùn tó pé.
Ẹ̀rù sì ń bà mí pé kóńgò tuntun yìí náà
ní ibi tó tẹ̀ wọlé, tí ìka mi kò tíì kàn.

Sẹ́míátù tún un ṣe lóṣù Ọ̀wàrà, òjò ń lu páànù.
Níbi ohùn orí fóònù, ó na ọwọ́ sókè.
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ."
Ọkùnrin tó ń ṣọ́ wọn ní kó jókòó jẹ́ẹ́,
a kì í sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.
Mo dìde lẹ́yìn pátápátá.
Mò ń bọ̀.